Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi àti Àwọn Àgbà Tó Ń Yáná

Ohun tó máa ń jí mi lójú oorun lọ́dún náà kì í ṣe àkùkọ. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni. Bàbá mi á ti dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ ní àgbàlá, á máa fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣéènì á máa ké bí ọmọ eku tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, á sì ké láti inú yàrá pé, "Olú, fi epo sí i lẹ́nu kó dákẹ́." Epo tí wọ́n ń wí náà, àdín ni. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ya, àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá Àgbà sì ti là débi tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ adìyẹ lè sá pamọ́ síbẹ̀ tí àṣá bá dé. Àdín yẹn la fi ń para, òun náà la fi ń pa ṣéènì, nítorí náà gbogbo ilé wa, àti ènìyàn àti kẹ̀kẹ́, òórùn kan náà là ń gbé kiri. Ìyá mi á ti wà nídìí iná, wọ́n á máa yí pupurú lórí àjà tí a fi igi ṣe sókè rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ pupurú, ẹ̀gẹ́ la máa ń rẹ, a ó ṣù ú roboto bí orí ọmọ tuntun, a ó sì yan án títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni èmi àti àwọn àbúrò mi kì í sá fún lásìkò ọyẹ́, torí ẹni tó bá ń yí pupurú ló ń yáná. A máa ń jà sí i. Ìyá mi á ní, "Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ràn iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òjò dé kí n rí wọn."

Ọdún náà ni nǹkan wọ́n jù nínú èyí tí mo lè rántí. Ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé kí a fara dà á, kí a máa jẹ ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa gbìn, Màmá Àgbà á sì dá rédíò lóhùn pé, "Kí lo rò pé mo ti ń jẹ látẹ̀yìnwá?" Ọmọ Odígbó ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì káńsù ní Orè ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ méséńjà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní máṣíìnì pupa kan tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí epo di ohun tí ènìyàn ń sùn sí ilé epo kó tó rí rà, tí owó oṣù náà kò sì wá lásìkò mọ́, wọ́n ta máṣíìnì náà fún ọkùnrin kan ní Araròmí-Obù, wọ́n sì gun òkè àjà lọ gbé kẹ̀kẹ́ bàbá wọn tó ti kú sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo bí ìyá màlúù. Kò ní agogo. Bàtà bàbá mi ni bíréèkì rẹ̀: tí wọ́n bá fẹ́ dúró, wọ́n á ti ẹsẹ̀ mọ́ táyà, á máa dún ṣàà títí á fi rò ó pé òun fẹ́ dúró lóòótọ́. Màmá Àgbà fi ọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, wọ́n ní ọkọ àwọn ti padà wálé, ó kàn rù ni.

Ohun tó wà níwájú bàbá mi kì í ṣe eré. Ọ̀gá ṣọ́jà kan ni wọ́n gbé wá darí káńsù, ó sì ti kéde pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ kù, àti pé àwọn tó bá ń pẹ́ dé ni àwọn máa kọ́kọ́ lé. Tí agogo àárọ̀ bá ti lù, ṣọ́jà tó wà lẹ́nu géètì á tì í, ẹni tó bá wà níta á fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ọgbà ká kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun la fi ń lọ sílé ìwé, òun la sì fi ń ra oògùn Màmá Àgbà. Igi kòkó tiwa ti gbó, kò so dáadáa mọ́. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, kò sí ohun mìíràn tí a gbójú lé. Bàbá mi kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo máa ń rí bí wọ́n ṣe ń wo ojú ọ̀run láàárọ̀, wọ́n ń wá oòrùn tí kùrukùru ọyẹ́ kò jẹ́ kó yọ.

Ọ̀nà láti Odígbó dé Orè kò jìnnà fún ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, bàbá mi sì mọ̀ ọ́n gùn. Kì í ṣe ọ̀nà ló ń dá wọn dúró. Àwọn àgbà ni. Tí ọyẹ́ bá mú, àgbà kì í lè sùn pẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti dáná èèpo kòkó síwájú ilé lẹ́bàá títì, wọ́n á fi aṣọ wé ara dé etí, wọ́n á na ọwọ́ síná, wọ́n á sì máa wo ẹni tó ń kọjá. Ní ìlú wa nígbà náà, ọmọdé kan kò lè wà lórí kẹ̀kẹ́ kó máa kí àgbà tó wà nílẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀, á fi kẹ̀kẹ́ ti nǹkan, á dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi ti bímọ, irun funfun ti ń yọ ní irùngbọ̀n wọn, ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń yáná, ọmọdé ni wọ́n. Bàbá Jeremáyà, àgbẹ̀ kòkó kan tó ti darúgbó, ni iná wọn ń kọ́kọ́ kàn wá tí a bá jáde nílé.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọyẹ́, sà."

"Olú ni? Ṣé dáadáa lo jí? Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Ó ti ń sàn, sà."

"Èwo ló ń sàn, ọ̀tún tàbí òsì?"

Bàbá mi á dúró síbẹ̀ láti sọ ìtàn ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á sọ ti òsì. Tí wọ́n bá tún gun kẹ̀kẹ́, kò ní pẹ́ tí iná Màmá Elépo á fi yọ nínú kùrukùru. Màmá Elépo ló ń fún epo pupa tí gbogbo àdúgbò ń rà, wọ́n sì máa ń béèrè wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí mi dé orí àbúrò mi tó kéré jù. Tí wọ́n bá béèrè wa tán, wọ́n á ní, "Èyí tó ń bọ̀ ńkọ́?" Bàbá mi á ní kò tíì sí, mà. Wọ́n á ní, "Kí ló fà á?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè dáhùn kíákíá.

Bí bàbá mi ṣe ń dọ̀bálẹ̀ níbí, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ lọ́hùn-ún, eruku pupa á máa lẹ̀ mọ́ àdín tí wọ́n fi para, kí wọ́n tó jáde nílùú, iwájú ṣẹ́ẹ̀tì funfun wọn á ti dà bí ibi tí adìyẹ ti ń yíra. Eruku yẹn gbà wọ́n lọ́jọ́ kan. Wọ́n pẹ́ dé ọ́fíìsì, ṣọ́jà ẹnu géètì wò wọ́n lókè, ó wò wọ́n nísàlẹ̀, ó rò pé ṣọ́jà mìíràn ti yí wọn nílẹ̀ fún ìyà níbòmíràn, ó ní, "Wọ́n ti ṣe tìẹ tán? Wọlé." Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n ní kí ìyá mi má fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pààrọ̀ ṣọ́jà yẹn, èyí tó dé tẹ̀lé e kò ka eruku sí. Ó ní kí bàbá mi fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orúnkún wọn kò ká mọ́. Ìdúró ni wọ́n fi jẹun, wọ́n gbé àwo lé orí fèrèsé, Màmá Àgbà sì ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń retí ọkọ̀ ni.

Ìyá mi ló mú àbá wá. Káríà kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń jókòó sí láàárọ̀, bàbá mi á já mi sílẹ̀ nílé ìwé tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, lọ́nà Orè. Ìyá mi ní, "Ṣebí Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn yín. Kó máa bá yín kí wọn, kí ẹ̀yin máa gun kẹ̀kẹ́ yín lọ." Bàbá mi yíjú wò mí. "Bọ́sẹ̀ wo? Èyí tí a bá rán pé kó lọ ra iyọ̀, tó máa dúró síwájú alátẹ títí alátẹ á fi bi í ohun tó fẹ́?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mí. Ọ̀rọ̀ máa ń wà nínú mi, ṣùgbọ́n tó bá dé ọ̀nà ọ̀fun, á jókòó síbẹ̀, á máa wo ìta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì tí káríà lè gbà, nítorí náà èmi ni wọ́n yàn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo la ẹnu dáadáa bí a ṣe ń sún mọ́ iná Bàbá Jeremáyà. Ohùn kò jáde. Ìgbà tí a kọjá tán ló jáde, mo sì kí àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn. Bàbá mi ronú sí i, wọ́n ní kí n dojú kọ ẹ̀yìn, pé tí ohùn mi bá tilẹ̀ pẹ́, ó kéré tán á bá àwọn àgbà níwájú mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lọ sílé ìwé. Ilé á máa kéré sí i níwájú mi, iná á máa kéré sí i, èmi á máa pariwo "Ẹ káàárọ̀, sà" tọ wọ́n lẹ́yìn, eyín mi ń gbá ara wọn. Kùrukùru ọyẹ́ kò sì jẹ́ kí n mọ ènìyàn yàtọ̀. Mo kí àpò ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n fi aṣọ bò láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá mi, tí kò lè wẹ̀yìn, ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Wọn ò dáhùn, sà." Ni ìdààmú bá dé, bàbá mi ò sinmi mọ́ títí a fi dé ilé ìwé, wọ́n ń ro ẹni tí àwọn ṣẹ̀ tó fi kọ ìkíni.

Kò pẹ́ tí Bàbá Jeremáyà àti Màmá Elépo fi wá sílé wa nírọ̀lẹ́. Wọn ò mu omi tí a gbé fún wọn. Bàbá Jeremáyà fi ọ̀pá gún ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Olú, a wá béèrè ni. Kí la ṣe fún Olú?"

"Kí ló ṣe yín?" Màmá Àgbà dáhùn.

"Ó ń gbé ọmọ rẹ̀ dojú kọ wá bí ẹni di ẹrù sí káríà. Ọmọ á máa kí wa, á sì máa sá lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ìkíni tó ń sá rí."

Màmá Elépo mi orí sí i. "Kó tó dé 'ẹ kú ọyẹ́', wọ́n ti dé iwájú ilé ẹlòmíì. Èmi gba 'ẹ káàárọ̀'. Ẹlòmíì ló ń gba 'ẹ kú ọyẹ́' mi."

Bàbá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ lé ènìyàn ni."

"Ṣọ́jà tó fẹ́ lé ọ yẹn," Bàbá Jeremáyà ní, "ṣé ó mọ orúkọ bàbá rẹ?"

Màmá Àgbà wo bàbá mi pẹ́. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kọ́ ló bí ọ, Olú. O máa sọ̀ kalẹ̀." Àwọn àlejò mu omi, wọ́n sì lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Màmá Àgbà wá sọ, lédè Ìkálẹ̀ wa tó dùn létí ju bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí lọ, pé tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ni kíkí, Jeremáyà á ti fi jẹ iyán tó wà ní gbogbo Odígbó tán, kò sì ní yó, torí kò níṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Èmi ń yí pupurú lọ́wọ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá mi gbìyànjú ọgbọ́n kan sí i. Wọ́n gba ọ̀nà inú oko kòkó tó yọ sẹ́yìn ìlú, kí wọ́n má baà rí iná kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti já lu Bàbá Jeremáyà tí wọ́n lóṣòó lábẹ́ igi kòkó, níbi tí ènìyàn kì í ti í fẹ́ kí wọ́n kí òun. Bàbá mi kò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe: wọn ò lè kí ẹni tó wà nírú ìjókòó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì lè kọjá láìkí i. Wọ́n dojú kọ igi, wọ́n dúró, kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, títí Bàbá Jeremáyà fi ṣe tán. Wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ sínú ewé gbígbẹ. Wọ́n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà lọ.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá ka òṣìṣẹ́ lójúkojú. Ẹni tí wọn kò bá bá nínú ọgbà nígbà tí wọ́n bá ti géètì, kó máa bá oko rẹ̀ lọ. Àwọn àbúrò mi pàápàá ò jà sí ìdí iná mọ́. Ìyá mi fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà, wọ́n fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ó fi le bí páálí. Kí eruku má baà bà á jẹ́, wọ́n ní èmi ni n ó gbé e lórí itan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú kádígàn ìyá mi, èyí tó ní òdòdó láyà, tí a bá wá dé ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, èmi á gbé kádígàn padà sílé. Ilé ìwé ò sí, àwọn tíṣà ti dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. A jáde nígbà tí adìyẹ ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Bàbá Jeremáyà ti wà nídìí iná.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dìde. Ìkíni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí Bàbá Jeremáyà dìde lórí àpótí wọn, tí wọ́n di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Mo lálàá rí bàbá rẹ," wọ́n ní. "Orí kẹ̀kẹ́ yìí gan-an ló wà."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dé, n ó yà gbọ́ ọ."

"Kí o tó dé, mà á ti gbàgbé. Jókòó."

Mo wà lórí káríà, ọrùn bàbá mi wà níwájú mi. Bó ṣe tutù tó, òógùn ń ṣàn níbẹ̀. Wọn ò lè já kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ àgbà. Wọn ò sì lè jókòó. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń sọ pé "Sà, sà," ohùn wọn ń kéré sí i, mo sì rí i pé ohùn náà fẹ́ lọ jókòó síbi tí tèmi máa ń jókòó sí. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo ṣáà bá ara mi nílẹ̀, lórí orúnkún mi méjèèjì, nínú eruku.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Bàbá Jeremáyà wá mi nínú kùrukùru bí ẹni tí ewúrẹ́ bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ?"

"Ẹ fi mí dúró, sà. Ohunkóhun tí ẹ bá bi mí, mà á dáhùn."

"Ohunkóhun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Wọ́n rò ó. Wọ́n tú èkejì sílẹ̀. Bàbá mi fò gun kẹ̀kẹ́, kùrukùru gbé wọn mì, a ṣì ń gbọ́ ṣéènì nígbà tí a ò rí wọn mọ́. Ìgbà yẹn ni Bàbá Jeremáyà ní, "Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn?" Mo wolẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ni. "Ti bàbá mi ni, sà." Wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ojú ọ̀nà. "Kí ló wá wọ̀ lọ?" Mo ní, "Kádígàn ìyá mi, sà." Bàbá Jeremáyà tún jókòó wọ̀ọ̀, wọ́n sì fi ọ̀kan nínú kókò tí wọ́n ń sun jẹ nínú iná lé mi lọ́wọ́, torí wọ́n rí i pé ẹkún ń bọ̀.

Wọ́n sọ àlá náà fún mi. Nínú rẹ̀, bàbá bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú iná wọn, kò sọ̀ kalẹ̀, kò kí wọn, kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì kó tó kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wọ́n. Àwọn ọmọ Bàbá Jeremáyà wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ìyàwó wọn ti kú. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ro ohun tó ń mú wọn béèrè ẹsẹ̀ Màmá Àgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ náà, ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Bóyá wọ́n ti pẹ́ ni, sà."

"Pẹ́ ibo?"

"Ibi iṣẹ́, sà."

Bàbá Jeremáyà fi ọ̀pá koná. "Iṣẹ́ wo ló wà lọ́run?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ṣọ́jà wà lẹ́nu géètì."

Bàbá Jeremáyà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Màmá Elépo gbọ́ ọ láti ìdí iná tiwọn, wọ́n gbé àpótí wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, mo sì ti ṣèlérí pé mà á dáhùn. Mo sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sọ òsì. Mo sọ ti àpò ẹ̀gẹ́ tí mo kí. Mo sọ ìdí tí bàbá mi fi gba inú oko kòkó. Mo sọ ohun tí Màmá Àgbà wí nípa kíkí àti iyán, mo fi ohùn Màmá Àgbà sọ ọ́. Oòrùn yọ, iná kú, àwọn mìíràn tó ń kọjá dúró, wọ́n jókòó. Ẹnu mi kò dá. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa nígbà tí a gbọ́ ṣéènì. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, òdòdó pupa láyà wọn, eruku dé ìpéǹpéjú. Ojú wọn ń dán. "Wọ́n kà mí mọ́ wọn," wọ́n ní, kí wọ́n tó rántí láti dọ̀bálẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ti géètì. Ọ̀gá tó wá láti Àkúrẹ́ bi mí pé ta ló ni kádígàn, mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní kí n bá òun kí i." Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Bàbá, ẹ káàsán, sà. Mo wá mú ọmọ mi."

Bàbá Jeremáyà na ọwọ́ sí wọn láìwo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n wà.

"Dúró ná, Olú," wọ́n ní. "Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Bàbá mi wò mí. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n wá àyè láàárín àwọn tó jókòó, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ láti gbọ́ mi.